Òkè Kírìjì lórí tábìlì: kí ló dé tí àwọn ọmọ ogun ń yọ̀ ṣubú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń múra eré ogun Kírìjì tá a máa fi ọmọ ogun kéékèèké ṣe lórí tábìlì, ìjà Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Mo wa bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi páálí to òkè náà. Ó rí ṣóńṣó, àwọn ọmọ ogun ò sì dúró lórí rẹ̀.

Ìdáhùn: Ó jọ pé ẹ fi kún gíga rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ gíga di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta kí òkè lè hàn. Ìyẹn bójú mu fún ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga, bíi pápá ogun Waterloo ní Belgium. Kírìjì ò nílò rẹ̀ rárá. Ibi tó ga sókè ní mítà 20 nínú mítà 100 tẹ̀ ní nǹkan bíi dìgírì 11. Ẹ sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó di 22. Ìlọ́po mẹ́ta, 31. Ọmọ ogun wo ló máa dúró síbẹ̀?

Ìwọ̀n kan náà ni kẹ́ ẹ lò fún ìbú àti gíga: sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà 10. Kìlómítà kan á di mítà kan lórí tábìlì, òkè tó ga ní mítà 80 á di sẹ̀ǹtímítà 8. Ibi tó bá ṣì dúró gangan jù, ẹ gé e bí àtẹ̀gùn tó fẹ̀ ju ìdí ọmọ ogun yín lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ yanrìn tẹ́ ẹ ti jọ̀ mọ́ ara òkè. Ẹ fọwọ́ pa á tó bá gbẹ: tí ọwọ́ yín bá ṣì ń yọ̀, ẹ tún lẹ òmíràn sí i.

Ìbéèrè: Kókó kéékèèké kún ara òkè náà, n kò sì rí wọn nígbà tí mo lọ wo ilẹ̀ ọ̀hún.

Ìdáhùn: Igi ni. Àkọsílẹ̀ gíga ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SRTM lẹ máa ti lò, èyí tí Amẹ́ríkà fi radar wọ̀n láti òfuurufú ní oṣù kejì ọdún 2000. Nínú igbó kìjikìji, radar yẹn kì í dé ilẹ̀ tán, ó máa ń ka orí igi mọ́ ọn. Ojú kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán gíga náà sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 30, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 3 lórí tábìlì yín. Ẹ fi QGIS, ètò orí kọ̀ǹpútà fún àwòrán ilẹ̀, mú un dán, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é jù. Òkìtì tí kò ju mítà 2 lọ lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀, ìbọn tó ń jìnnà tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́ sílé kò ní rí i. Tẹ́ ẹ bá pa òkìtì bẹ́ẹ̀ rẹ́, ẹ ti yí ìjà náà padà. Fọ́tò tẹ́ ẹ fúnra yín yà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dá àwọn òkìtì padà sáyè wọn. Ẹ rántí pé ilẹ̀ máa ń yí padà: ní Waterloo, wọ́n wú ilẹ̀ níbi tí Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, to ogun rẹ̀ sí láti fi mọ òkìtì ìrántí tí wọ́n ń pè ní Òkìtì Kìnnìún, tó parí ní 1826.

Ìbéèrè: Ọ̀dà inú agolo tí mo fọ́n jẹ fóòmù funfun tí mo fi ṣe àpáta.

Ìdáhùn: Èròjà inú ọ̀dà náà ló ń yọ́ ọ. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ ọ̀dà ilé tí wọ́n ń fi omi pò, ẹ fi kun gbogbo fóòmù tuntun láì ku ojú kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi parí ìyókù.