Bí mo ṣe ka ìyípadà Kwara, pàápàá Gúúsù rẹ̀, nínú ìkànìyàn 1991 àti 2006

Ààlà ni mo kọ́kọ́ mú, torí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kwara kì í ṣe ilẹ̀ kan náà láti ọdún dé ọdún. Kwara tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 kó Ígálà, Ẹ̀bìrà, àwọn Òkun àti gbogbo Bọ̀gú mọ́ra. Ní 1976, Ígálà bọ́ sí Benue. Ní oṣù Kẹjọ 1991, Kogi gba Òkun àti Ẹ̀bìrà, apá Bọ̀gú tó wà lọ́dọ̀ New Bussa sì bá Niger lọ. Ìdí tí mo fi gbé ìkànìyàn 1963 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Ti 1973, ìjọba fúnra rẹ̀ ló fagi lé e. Ìparí oṣù Kọkànlá ni wọ́n ṣe ti 1991, nígbà tí Kogi ti jáde, ìyẹn ló jẹ́ kí òun àti ti 2006 ṣeé gbé síra wọn fún odindi ìpínlẹ̀.

Fún ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Ní 1996 ni Ìsin jáde lára Ìrẹ́pọ̀dùn, ọdún náà ni Ilorin South náà dé. Mo dá Ìsin padà sára Ìrẹ́pọ̀dùn nínú òpó (ìlà òró inú tábìlì) 2006, mo sì so Ilorin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, West, South àti East, pọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè máa wádìí ohun tó lé àwọn èèyàn kúrò ní Òmù-Àrán, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni ìjọba gé.

PDF tí wọ́n ya láti inú ìwé ni àwọn tábìlì tí mo lò. Bí kọ̀ǹpútà bá ń dà á kọ, 1 máa ń di 7, kọ́mà sì máa ń di àmì mìíràn. Mo ṣí òpó àyẹ̀wò kan nínú Excel: ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin, yọ àpapọ̀ kúrò, gbogbo ìlà ló gbọ́dọ̀ já sí òdo. Kwara 2006: ọkùnrin 1,193,783, obìnrin 1,171,570, àpapọ̀ 2,365,353. Ilorin West 364,666, South 208,691, East 204,310, àpapọ̀ 777,667.

Ní 1991, Kwara ní èèyàn 1,548,412. Ọdún 14.3 ló wà láàárín ìkànìyàn méjèèjì, kò pé 15. Láti mọ bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, mo kọ ọ́ sínú Excel: =LN(2365353/1548412)/14.3 fún mi ní 0.0296, ìyẹn bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nàìjíríà, tó kúrò ní 88,992,220 bọ́ sí 140,431,790, jẹ́ 3.2. Kwara ń pọ̀ sí i, àmọ́ orílẹ̀-èdè yá ẹsẹ̀ jù ú lọ díẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ti Ilorin nínú mẹ́rìndínlógún ló kó ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èèyàn Kwara. Ní Gúúsù, Ìsin, Èkìtì (ìjọba ìbílẹ̀ ní Kwara, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Èkìtì) àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, kò sí èyí tó dé 60,000 nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí a má pe 777,667 ní ará ìgboro. Fúfù ni olú ìlú Ilorin South, Òkè-Ọyì ni ti East, oko iṣu sì pọ̀ níbẹ̀.

Tábìlì ilé àti ìdílé ni mo jókòó tì jù, torí òun ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ ajé. Ìdílé níbẹ̀ kì í ṣe agboolé o: àwọn tó ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà lábẹ́ olórí kan ni. Agboolé kan ní Ilorin lè jẹ́ ìdílé mẹ́wàá. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mọ ìpín àwọn tó ń fi igi dáná, iye ìdílé ni mo fi ń pín, kì í ṣe iye èèyàn. Òrùlé kò fi ohun púpọ̀ hàn mí, páànù ti gba ibi gbogbo. Ohun ìdáná ló ń sọ̀rọ̀: igi, kẹrosíìnì, gáàsì, torí owó ló ń gbé èèyàn láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Omi gba ìṣọ́ra. Ibi tí ìdílé ti ń rí omi ni wọ́n béèrè, wọn ò béèrè bóyá ẹ̀rọ ń yọ lójoojúmọ́. Òpó tó ka tẹlifóònù nínú tábìlì 2006 kò ní ẹgbẹ́ nínú ti 1991, ọdún 2001 ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Tábìlì iṣẹ́ náà ní àbùkù tirẹ̀: iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbà. Obìnrin tó ń dáko ẹ̀gẹ́, tó ń yan gààrí, tó sì ń tà á lọ́jà Àjàṣẹ́-Ìpo, yálà kí ó di àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò. Bí àgbẹ̀ bá dín kù lórí ìwé, mi ò tètè sọ pé oko ti kú.

Ní ti ọjọ́ orí, púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà ló máa ń pe iye tó parí sí 0 tàbí 5. Ẹni ọdún 58 á ní òun jẹ́ 60, ìsọ̀rí 60–64 á wá ga ju 55–59 lọ. Mo so méjèèjì pọ̀ di 55–64. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọkùnrin sí obìnrin láàárín ẹni ogún ọdún sí mọ́kàndínlógójì, torí ibẹ̀ ni ìrìn Èkó ti ń hàn. Ẹni tí wọ́n bá fojú rí ni wọ́n ń kà, àwọn ìlú sì máa ń ké sí ọmọ wọn kí wọ́n wálé wá ṣe ìkànìyàn. Nítorí náà, bí ọkùnrin bá ṣì dín níbẹ̀, ẹ̀rí tó lágbára ni.

Ẹni tó bá sì gbé iye ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ní Ilorin wá, tó ní láti inú ìkànìyàn 2006 ni, wọn ò béèrè ẹ̀yà, wọn ò sì béèrè ẹ̀sìn.

Mi ò kó iye ìfojúdá fún ọdún tó tẹ̀lé 2006 mọ́ tábìlì. Láti yẹ irú rẹ̀ wò, mo ń fi iye 2006 pín iye tuntun ti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí Èkìtì àti Ilorin West bá já sí èsì kan náà, ìdá kan ni wọ́n fi gbé gbogbo wọn ga. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìpín Ilorin kò ní kúrò ní 33 láé. Ìyípadà tó wá lẹ́yìn 2006 kò sí nínú ìkànìyàn kankan: Fásitì Màlété dé ní 2009, Fásitì Landmark dé Òmù-Àrán ní 2011, ìkànìyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 sì ti di èyí tí wọ́n sún síwájú. Fún ibi méjèèjì yìí, àwòrán inú Google Earth ni mo fi ka òrùlé tuntun. Mo fi wọ́n sí ojú ìwé ọ̀tọ̀, mo kọ "iye ilé" sórí rẹ̀, mi ò sì sọ wọ́n di iye èèyàn, torí họ́sítẹ́ẹ̀lì kan lè gba igba akẹ́kọ̀ọ́ kí ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní títì.