Ìdánwò ìṣirò àti físíìsì fún ẹni tó fẹ́ wa bàálù: ohun tó ń dà yín láàmú àti bí ẹ ó ṣe yanjú rẹ̀

Lesson ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. Àwọn kan nínú wọn máa ń gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú, yálà ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, tàbí èyí tó wà n'Ílọrin. Ìbéèrè wọn máa ń jọra, ni mo bá kó èsì wọn jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. B2 ni mo gbà nínú ìṣirò ní WAEC. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀ nínú ìdánwò ìgbaradì tí ẹ fún wa, ṣùgbọ́n kí n tó ṣe é dé ìdajì, àkókò ti tán. Kí ni kí n ṣe, sà?

Ìdáhùn: O mọ ìṣirò, ọwọ́ rẹ ni kò yá. Láti SS1 lẹ ti ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, WAEC pàápàá gbà yín láàyè láti lò ó, orí wá gbàgbé iṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò ìgbaniwọlé àwọn awakọ̀ òfuurufú, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú un wọlé, ìbéèrè á sì pọ̀ ju ìṣẹ́jú lọ. Wọn ò ṣe é láti fìyà jẹ yín. Bí bàálù kékeré kan bá ń jó lítà epo 36 ní wákàtí kan, tó sì ku lítà 27, ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé ìṣẹ́jú 45 ló kù fún òun lójú òfuurufú.

Láti òní, ti ẹ̀rọ yẹn mọ́nú àpótí. Mọ ìlọ́po títí dé 15 bí o ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ. Lẹ́yìn náà, máa wá ọ̀nà àbùjá. Bí wọ́n bá ní 37 lọ́nà 25, má tò ó sísàlẹ̀ bíi ti pírámárì. 25 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin 100, nítorí náà pín 3,700 sí mẹ́rin: 925. Bí wọ́n bá ní kí o wá 18 nínú ọgọ́rùn-ún 350, 10 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 35, 8 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 28, ó di 63.

Bí o bá jókòó sínú Micra láti Sango lọ sí Dùgbẹ̀, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ mú yín, wo nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú. Díjíìtì mẹ́ta ló máa ń wà láàárín lẹ́tà rẹ̀. Bó bá jẹ́ 374, ṣe 37 lọ́nà 4 kí awakọ̀ tó tún sún síwájú: 148. Ṣe ti ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ ju kéèyàn máa ka ìwé sùn lọ.

Ìbéèrè: Tíṣà, mo mọ̀ pé tí a bá pín ìjìnnà sí àkókò, ìyára la máa rí. Kí ló dé tí mo ń kùnà ìbéèrè àlọ-àbọ̀?

Ìdáhùn: Torí pé o ń pa ìyára méjèèjì pọ̀, o sì ń pín in sí méjì. Ká ní kìlómítà 120 ni láti Ìwó Road dé Èkó. O lọ ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, o bọ̀ ní 40. Ọ̀pọ̀ ló máa kọ 50. Àmọ́ àlọ gba wákàtí 2, àbọ̀ gba wákàtí 3. Kìlómítà 240 ní wákàtí 5 jẹ́ 48. Àkókò ni kí o kọ́kọ́ wá, ní gbogbo ìgbà.

Ìbéèrè: Físíìsì ló ń pa mí. Gbogbo fọ́múlà ni mo há sórí, síbẹ̀ ìdáhùn mi kì í bá tiwọn mu.

Ìdáhùn: Wo ìwọ̀n (unit) tí wọ́n fi béèrè. Ibí yìí ni mo ti rí i tí àwọn ọmọ tó gbọ́n dáadáa ń ṣubú, ó sì ń dùn mí. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tó jẹ́ kílógíráàmù 1,000, tó ń sáré ní kìlómítà 72 ní wákàtí kan. Wọ́n ní kí o wá agbára tó wà nínú eré rẹ̀ (kinetic energy), ìyẹn ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ́nà ìyára lọ́nà ìyára. Ẹni tó bá ki 72 bọ inú fọ́múlà á rí 2,592,000. Ẹni tó ṣètò ìdánwò mọ̀ pé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè ti gbé nọ́ńbà yẹn sáàárín àwọn ìdáhùn, kó máa dúró dè yín.

Kọ́kọ́ pín 72 sí 3.6 kó lè di mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 20. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400. Ìdajì 1,000 jẹ́ 500. 500 lọ́nà 400 jẹ́ joule 200,000. Kíyè sí i pé ìyára ni a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ràn láti béèrè èyí láìfún yín ní nọ́ńbà kankan.

Kọ́ àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú bàálù náà. Máìlì ojú òkun kan jẹ́ mítà 1,852, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 jẹ́ nǹkan bíi mítà 305. Bí a bá ṣe ń fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 gòkè ni ooru ń fi bíi dígírì 2 dínkù. Bó bá jẹ́ 30 nílẹ̀ n'Ìbàdàn, retí nǹkan bíi 14 ní ẹsẹ̀ bàtà 8,000 sókè.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun lórí ọmọ mi, Olùkọ́. Ẹnì kan ládùúgbò Challenge sọ pé ìbéèrè ìdánwò náà gan-an wà lọ́wọ́ òun, ó ní kí n wá sanwó. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, bó bá wọlé tán, wọ́n á tún dán an wò lórí ojú ọjọ́, títọ ọ̀nà lójú òfuurufú àti bí bàálù ṣe ń fò. Ẹ fi owó yẹn ra àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá WAEC àti JAMB.

Ìbéèrè: Ó pẹ́ tí mo ti jáde ìwé, sà. Sine àti cosine ti fò lọ lórí mi. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti SS1 ni?

Ìdáhùn: Rárá. Há mẹ́ta sórí: sine 30 jẹ́ 0.5, sine 45 jẹ́ nǹkan bíi 0.7, sine 60 jẹ́ nǹkan bíi 0.87. Ká ní bàálù fẹ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Alákìá n'Ìbàdàn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní knot 20 (knot kan jẹ́ máìlì ojú òkun kan ní wákàtí kan), tó sì fi dígírì 30 yà kúrò lójú ọ̀nà ìbalẹ̀. Èyí tó ń fẹ́ bàálù látẹ̀gbẹ́ jẹ́ 20 lọ́nà 0.5, ìyẹn knot 10. Bó bá yà ní dígírì 60, ó di nǹkan bíi 17. Ya àwòrán ọ̀nà náà àti ọfà afẹ́fẹ́ kó o tó fọwọ́ kan nọ́ńbà, kó o lè rí èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ àti èyí tó ń bọ̀ láti iwájú.