Ìwé tó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ júdò, kàrátè tàbí idà Japan kọ́kọ́ kà

Bí ẹnì kan bá ní kí o dárúkọ ìwé fún òun nípa ìjà àwọn ará Japan, má tíì dárúkọ ohunkóhun. Kọ́kọ́ bi í pé irú ìjà wo ló ń kọ́, àti pé kí ni orúkọ ẹ̀ka tí olùkọ́ rẹ̀ wà. Ohun tó bá fi dáhùn ni wàá fi mọ ìwé tó yẹ ẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé Hagakure, ìwé ọgbọ́n àwọn jagunjagun Japan àtijọ́, lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ kàrátè lọ́wọ́. Ó ka ojú ìwé díẹ̀ nípa ikú, ó pa á dé, ó parí. Ìwé ẹni tó dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kí ìtàn tẹ̀ lé e, kí ìwé ọgbọ́n inú wá gbẹ̀yìn.

Fún ẹni tó ń kọ́ júdò, Kodokan Judo ti Kano Jigoro ni. Kano ló dá Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ júdò, sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, ẹ̀dà tí Kodansha tẹ̀ ní 1986 lédè Gẹ̀ẹ́sì ló sì wọ́pọ̀ jù. Má kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mú ọ̀nà ìdáni kan ṣoṣo tí olùkọ́ ti fi hàn ọ́, bí osoto-gari (fífi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ ẹnìkejì láti ẹ̀yìn), ṣí i, kí o sì fi ọwọ́ bo àwòrán tó kẹ́yìn, níbi tí ọkùnrin náà ti wà nílẹ̀. Àwòrán yẹn dùn ún wò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Àwọn tó ṣáájú ni kí o tẹjú mọ́. Wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tí wọ́n fẹ́ dá: ara rẹ̀ ti fẹ̀yìn, ìwúwo rẹ̀ ti bọ́ sórí gìgísẹ̀ yẹn kí wọ́n tó gbá a. Wo àyà àwọn méjèèjì, wàá rí i pé ó ti súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó bá dúró lókèèrè tó kàn ń na ẹsẹ̀, òun gan-an ni yóò fẹ̀yìn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n á sì fi dá a padà. Ka ojú ìwé yẹn kí o tó lọ ṣe ìdánrawò, kí o tún un kà nígbà tí o bá dé.

Tí kàrátè bá ni, Karate-dō Kyōhan ti Funakoshi Gichin, 1935, dára gan-an fún ọmọ Shotokan, ẹ̀ka kàrátè tirẹ̀. Ohun tó ń da àwọn ẹlòmíì láàmú ni pé Funakoshi pààrọ̀ ipò kata (eré ìjà tí a ń dá ṣe ní ìtẹ̀léra) méjì àkọ́kọ́: èyí tó pè ní Heian Shodan ni àwọn Wado-ryu, ẹ̀ka kàrátè mìíràn, ń pè ní Pinan Nidan. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa rò pé olùkọ́ òun ló ṣì í. Ọmọ Goju-ryu, tí í ṣe ẹ̀ka mìíràn, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí kata tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà má fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Fún idà, ìwé Miyamoto Musashi, gbajúmọ̀ ajàdà Japan, ni, Go Rin no Sho, tó bẹ̀rẹ̀ nínú ihò àpáta Reigandō nítòsí Kumamoto ní 1643, tó sì parí ní 1645. Apá márùn-ún ló ní: Ilẹ̀, Omi, Iná, Afẹ́fẹ́ àti Òfìfo. Omi ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń di idà mú: àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là á fúyẹ́ lórí rẹ̀, ìka àárín kò ní le kò ní dẹ̀, ìka méjì tó kẹ́yìn ni yóò mú un ṣinṣin. Ibẹ̀ gan-an ni kí o fi dán ẹ̀dà tí o fẹ́ rà wò. Bí olùtumọ̀ bá ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òwò àti bí a ṣe ń borí ní ọ́fíìsì, dá a padà sórí àtẹ. Ti Victor Harris, 1974, ṣeé gbára lé; òun fúnra rẹ̀ kọ́ kendo, ìjà idà ti Japan.

Nípa ìtàn, Armed Martial Arts of Japan ti G. Cameron Hurst, 1998, ló ṣíwájú lójú tiwa. Idà àti ọfà ló dá lé.

Ọ̀rọ̀ ọfà gba ìṣọ́ra. Zen in the Art of Archery ti Eugen Herrigel, 1948, lókìkí púpọ̀, ó sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n Herrigel kò gbọ́ èdè Japan dáadáa nígbà tó ń kọ́ ọfà lọ́dọ̀ Awa Kenzo ní Sendai. Ògbufọ̀ ló gbára lé. Yamada Shoji tú gbogbo rẹ̀ wò nínú Shots in the Dark, 2009, ó sì fi hàn pé ògbufọ̀ náà jẹ́wọ́ pé òun kì í túmọ̀ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Má ṣe dámọ̀ràn ọ̀kan láìsí èkejì.

Hagakure wá kù. Yamamoto Tsunetomo tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò jagun rí. Wọ́n bí i ní 1659, nígbà tí ogun ńlá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìwé Bushido (ìlànà àwọn jagunjagun Japan) ti Nitobe Inazo, 1900, náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ láti ṣàlàyé orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún àjèjì. Ẹni tó bá ti ka Hurst tán lè ka méjèèjì, yóò sì mọ ibi tó ti yẹ kó dúró béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn.