Àṣìṣe tí àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sábà máa ń ṣe tí a bá ń fẹsẹ̀ rìn ní títì ìlú òkèèrè

Tí físà bá ti jáde báyìí, ẹrù ni gbogbo ilé máa ń sáré kiri lé lórí. Ìyá tó fẹ́ lọ wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ́nù á ra gààrí Ìjẹ̀bú, á lọ ẹ̀gúsí, á máa wọn àpótí títí tí kò fi ní ju kílò 23 lọ. Ọmọ á fóònù láti ọ̀hún, á kọ́ ọ ní èsì tí yóò fún àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọdá títì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a sọ ọ́. Gbogbo wa gbà pé ẹni tó ti ń rìn láti kékeré kò tún nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìrìn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Títì Fọlágbadé àti Ìbàdàn Road ló kọ́ ojú àti ẹsẹ̀ wa ní ohun tí wọ́n mọ̀, ohun tí wọ́n kọ́ nílé náà ni wọn yóò sì máa ṣe níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn lọ́nà mìíràn.

Èyí tó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí èèyàn kọ́kọ́ wo òsì. Nílé níbí, ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà, nítorí náà ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ dé bá yín bí ẹ bá ṣe gbé ẹsẹ̀ sí títì, láti apá òsì yín ló ti ń bọ̀. Ní Ìlú Ọba, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà, ọkọ̀ á sì yọ sí yín láti ọ̀tún. Ẹni tó bá wo òsì, tó rí i pé ó ṣófo, tó gbé ẹsẹ̀, ti wọ inú ewu kó tó yí ọrùn. Àwọn àgbà wa tó ti gbọ́njú nígbà náà rántí pé òsì ni àwa náà ń gbà tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó yí i padà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ghana yí tiwọn padà ní 1974. Àwọn tó ṣì ń gba òsì pọ̀: Ireland, Gúúsù Áfíríkà, Kẹ́ńyà, Tanzania, Íńdíà, Malaysia, Jàpáánì, Australia. Amẹ́ríkà, Kánádà, Jámánì, Ítálì, Dubai àti Saudi Arabia ń gba ọ̀tún bíi tiwa. Kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ ti mọ èyí tí ìlú tí ẹ ń lọ ń gbà.

Àwọn ará Lọ́ńdọ́nù mọ̀ pé àlejò máa ń ṣe àṣìṣe yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà sílẹ̀ títì ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń sọdá pé kí èèyàn wo ọ̀tún. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Níbi tí wọn kò bá kọ nǹkan kan sí, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tún wo ọ̀tún, kí ẹ sì máa wò ó bí ẹ ṣe ń sọdá lọ. Ẹ má sọ pé ó ti mọ́ yín lára lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tó bá rẹ èèyàn, tàbí tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ, tàbí tó ń lé bọ́ọ̀sì, ọrùn á tún yí sí òsì fúnra rẹ̀.

Ó burú jù tí kẹ̀kẹ́ ọmọ bá wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eléyìí dáadáa, nítorí mi ò tíì rí ẹni tó ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá wa. Ẹ̀yìn ni ọmọ wà tí a bá pọ̀n ọ́n. Tí ìyá bá fẹ́ sọdá ní Òkè-Ajé, tí ọkọ̀ tí wọ́n páàkì dí i lójú, á sọ̀ kalẹ̀ sí títì díẹ̀, á yọ orí wo bí ọ̀nà ṣe rí. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á fà sẹ́yìn. Ara rẹ̀ ló fi ń bo ọmọ. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ọmọ máa ń ṣíwájú ẹni tó ń tì í ni. Tí ìyá bá yọ orí láàárín ọkọ̀ méjì tí wọ́n páàkì, bó ti ṣe máa ń ṣe nílé, kẹ̀kẹ́ ti wà lójú títì kí ojú ìyá tó rí ohunkóhun. Ẹ má gba àárín ọkọ̀ tí wọ́n páàkì kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ láé. Ẹ rìn dé ibi tí wọ́n yà fún ẹlẹ́sẹ̀, ì báà jìnnà. Tí ẹ bá dúró, ẹ fa kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn kúrò létí títì, kí ẹ sì tẹ bíréèkì rẹ̀. Bí ẹ bá sì lè pọn ọmọ ọmọ yín pẹ̀lú ìró àti ọ̀já, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín.

Lẹ́yìn ojú, etí ló kàn. Ní Sábó ní Ṣágámù, etí la fi ń sọdá ju ojú lọ. Ọlọ́kadà á fọn fèrè, kẹ̀kẹ́ Márúwá á fọn, dánfó á fọn tirẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, èèyàn á sì ti mọ ibi tí oníkálukú wà kó tó yíjú. Ẹni tí kò bá gbọ́ fèrè á gbà pé ọ̀nà dá. Ní Ìlú Ọba, awakọ̀ lè wakọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Òfin tilẹ̀ kọ̀ ọ́ fún wọn láti aago 11:30 alẹ́ títí di aago 7 àárọ̀ níbi tí ilé bá wà. Ẹ tún fi ọkọ̀ oníná mànàmáná kún un, èyí tó máa ń rọra yọ tí ẹ kò ní gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ títì níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kò bọ̀. Ẹ yọ ohun tí ẹ fi ń gbọ́ wáàsí tàbí orin kúrò létí tí ẹ bá fẹ́ sọdá.

Àwa náà ni a máa ń gbé ọwọ́ sókè sí ọkọ̀ pé kó dúró, tí a ó sì máa sá lọ díẹ̀díẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ilé mọ ìtumọ̀ rẹ̀, á tẹ bíréèkì. Lókè òkun, awakọ̀ tí iná ti fún láyè kò retí yín lójú títì rárá, kò sì ní ronú pé ọwọ́ tí ẹ nà sókè kan òun. Ibi tí wọ́n yà sílẹ̀ fún yín ni kí ẹ lò. Tí ó bá jẹ́ ti oníná, bọ́tìnì máa ń wà lára òpó: ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ dúró títí àwòrán èèyàn aláwọ̀ ewé yóò fi tàn. Tí ó bá jẹ́ onílà dúdú àti funfun ní Ìlú Ọba, èyí tó ní gílóòbù ọsàn tó ń tàn tó ń kú lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àyípadà tí wọ́n ṣe sí ìlànà ojú pópó ní 2022 sọ pé ó yẹ kí awakọ̀ dúró fún ẹni tó ń dúró láti sọdá pàápàá. Síbẹ̀, táyà ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ojú awakọ̀. Ìgbà tí táyà bá dúró pátápátá ni kí ẹ rìn.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ tún mọ èyí: ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkọ̀ tí iná pupa dá dúró lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró díẹ̀ kó sì yà sí ọ̀tún nígbà tí iná náà ṣì pupa. Iná yín lè fún yín láyè kí ọkọ̀ sì máa yà bọ̀ wá sápá ibi tí ẹ wà. Ìlú New York kò gba irú yíyà bẹ́ẹ̀ láyè àfi níbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí. Tí àwòrán ọwọ́ bá sì ń ṣẹ́jú, tí nọ́mbà ń ka sílẹ̀, ẹni tó ti wà lójú títì ló wà fún pé kó parí ìrìn rẹ̀. Ẹni tó ṣì wà létí títì gbọ́dọ̀ dúró.

Ẹ má sì tẹ̀ lé ọmọ onílùú tó ń sá sọdá. Ó mọ títì rẹ̀. Ní Jámánì, kódà bí títì bá ṣófo, ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró ti iná pupa, pàápàá tí ọmọdé bá wà nítòsí, wọn á sì bá ẹni tó bá sọdá wí. Owó ìtanràn wà fún un pẹ̀lú. Ní Dubai, dírhámù 400 ni ìtanràn ẹni tó bá sọdá níbi tí wọn kò yà fún un, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025 sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó bá sọdá bẹ́ẹ̀ ní títì tí wọ́n ti ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, a ti rí àgbàlagbà tó gbé igbá sórí tó ń sọdá láàárín tírélà, a ti rí ọmọ iléèwé tó ń fo bèbè àárín títì. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jáwọ́ nínú rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, òfin ló kà á léèwọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ láti wọ ojú motorway, ìyẹn márosẹ̀ tiwọn, irú bíi M25 tó yí Lọ́ńdọ́nù ká. Tí fóònù bá ní kí ẹ rìn gba ibì kan, tí ẹ wá rí i pé ọ̀nà ń fẹ̀ sí i tí kò sì sí ẹlẹ́sẹ̀ kankan mọ́, ẹ padà.

A fẹ́ràn láti kí ara wa. Tí ọmọ Ìjẹ̀bú méjì bá pàdé ní òkè òkun, ibẹ̀ náà ni wọn yóò dúró sí, wọn á kúnlẹ̀, wọn á bèèrè ará ilé. Ìwà rere ni, kò yẹ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ dúró sí. Ní Amsterdam, ilẹ̀ pupa tó dà bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lójú àlejò, ti oníkẹ̀kẹ́ ni, eré ni wọ́n sì ń sá. Lọ́ńdọ́nù náà ní tirẹ̀. Ní Manchester, Dublin àti Croydon, ọkọ̀ ojúurin tí wọ́n ń pè ní tram máa ń rìn lójú títì láàárín ìlú. Kò lè yà fún yín, kì í sì í tètè dúró.

Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ létí títì, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ní ìlú tó ń gba òsì, ẹ rìn lápá ọ̀tún. Ní ìlú tó ń gba ọ̀tún, ẹ rìn lápá òsì. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ́nù kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù, àdìrẹ aláró tàbí kóòtù dúdú kò ní jẹ́ kí awakọ̀ rí yín. Ẹ fi nǹkan funfun tàbí ohun tó ń dán nínú iná sí i. Ilẹ̀ tó ń dán bí ẹni pé wọ́n da omi sí i láàárọ̀ lè jẹ́ yìnyín; bàtà pẹlẹbẹ tí ẹ fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nílé á yọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin alálájì wa, oòrùn Mẹ́kà kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ní Hajj ọdún 2024, ooru kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìjọba Saudi sọ pé èèyàn 1,301 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòji. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní kí ẹ wá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, kí ẹ má dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ gbé omi àti agbòòrùn dání.

Ní ti fóònù: ní Lọ́ńdọ́nù, olè máa ń gun kẹ̀kẹ́ oníná gba ẹ̀gbẹ́ títì, á sì já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń wo máàpù. Ẹ wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé ọmọ yín sí páálí kékeré, kí ẹ fi sínú àpò.

Àwọn ọmọ tí a bí sí Ìlú Ọba náà ń ṣe àṣìṣe tiwọn nígbà tí wọ́n bá wálé fún Ojúde Ọba. Ọ̀tún ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, wọ́n sì rò pé ọkọ̀ á dúró nítorí pé ilà funfun wà nílẹ̀. Ọ̀kadà kò sì mọ ọwọ́ kankan, ó lè gba ẹ̀yìn yọ sí wọn. Ẹ mú wọn lọ́wọ́ títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Tí ọkọ̀ bá gbá yín, kódà bó ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má dìde kí ẹ sọ pé kò sí nǹkan kan, kí ẹ máa lọ. Àṣà wa nìyẹn, nítorí a ò fẹ́ wàhálà. Ẹ jókòó sí ibi tí ewu kò sí, ẹ ya fọ́tò nọ́mbà ọkọ̀ náà, ẹ ní kí ẹnì kan pe 999 ní Ìlú Ọba, 112 ní Yúróòpù, 911 ní Amẹ́ríkà. Ìtọ́jú pàjáwìrì níbi tí wọ́n ń pè ní A&E nílé ìwòsàn ìjọba ní England jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àlejò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dá èèyàn dúró sí wọ́ọ̀dù, owó ńlá ni yóò san. Nítorí náà, kí ọmọ yín tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ẹ ní kó ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò pẹ̀lú rẹ̀, kí nọ́mbà rẹ̀ sì wà lórí páálí àdírẹ́sì yẹn.