Kíndìnrín Ọmọ Wú Nínú Síkáànù: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Bí síkáànù oyún bá fi hàn pé kíndìnrín ọmọ wú, ìtọ̀ ló kóra jọ síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ibi tí ìtọ̀ ń jọ sí bá fẹ̀ tó mílímítà 4 kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 28, tàbí mílímítà 7 lẹ́yìn ìgbà náà, ó yẹ kí dókítà máa ṣọ́ ọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń lọ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ìwé síkáànù nù torí pé ẹ ti gbọ́ bóyá akọ ni tàbí abo. Dókítà ọmọdé máa béèrè rẹ̀.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni síkáànù tí wọ́n sáré ṣe lọ́jọ́ ìbímọ gan-an. Ọmọ tuntun kì í tọ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Wàrà ìyá rẹ̀ ò tíì dé tán. Kíndìnrín tó wú lè dà bí ẹni pé ó ti fọn nígbà yẹn, ni wọ́n á bá ní ó ti lọ, tí gbogbo ilé á máa dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kó kọjá wákàtí 48. Bí èyí bá tilẹ̀ dára, ẹ tún padà lọ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí lọ̀pọ̀ òbí máa ń fi sílẹ̀, torí ọmọ ń mu ọmú, ó sì ń sanra.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró rárá: ọmọkùnrin tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì wú, pàápàá tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ò bá rọlẹ̀, tàbí tí omi tó yí i ká nínú oyún kéré. Awọ kan lè ti dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ni kí ẹ bí i sí. Ẹ wo bó ṣe ń tọ̀: ṣé ó ń ta jáde, àbí ó kàn ń kán tó-tó-tó? Àmọ́ bó bá ń ta dáadáa, ìyẹn nìkan ò ní kí ẹ má ṣe síkáànù.

Bí ara ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ wú bá gbóná tó 38°C, ẹ má ní eyín ló ń hù, ẹ má sì ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má sì rọ ọ́ ní àgbo. Àgbo ò lè ṣí ọ̀nà tó dí, kíndìnrín tó ń ṣàìsàn yìí náà ló sì máa sẹ́ ẹ.