Bí a ṣe ń gbá bowling ní Holler House

Ẹni tó bá fẹ́ gbá bowling (eré tí a ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo lórí pákó gígùn láti fi wó píìnì, ìyẹn àwọn igi mẹ́wàá tí a tò sí òpin pákó náà) ní Holler House, ilé ọtí àdúgbò tó ti wà ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1908, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù kó tó gbéra, nítorí pé ojú pákó méjì péré ni wọ́n ní sí abẹ́ ilé, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń to píìnì níbẹ̀. Èèyàn ló ń fọwọ́ tò ó. Ẹ mú owó dání tí ẹ óò fi ta ẹni náà lọ́rẹ, torí iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, ahun kò sì yẹ níbẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá ti ju bọ́ọ̀lù, ẹ ní sùúrù títí ẹni tó ń to píìnì yóò fi ṣe tán níwájú, tí yóò sì kúrò lọ́nà pátápátá, kí ẹ tó ju òmíràn. Ẹ má sọ ọ́ sókè. Ńṣe ni kí ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ rọra fi lélẹ̀ kó yí lọ, kó má baà dá pákó lápá.

Ìwé àti kálàmù ni kí ẹ fi ṣírò: bí píìnì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá wó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ kọ 10, kí ẹ sì fi iye tí bọ́ọ̀lù méjì tó tẹ̀ lé e bá wó kún un.