Láti Fez dé Ifrane: Bí Mo Ṣe Gun Òkè Lọ Sá fún Ooru

Àwa tí a ti lọ ṣe síyáárà, ìyẹn àbẹ̀wò àdúrà, ní sáwíyà (ilé ìjọsìn) Ṣéù Ahmad Tijani, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ Tijaniyya, ní ìlú Fez, ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, mọ̀ pé ooru oṣù kẹjọ níbẹ̀ kì í ṣe ti eré, torí ó lè tó ìwọ̀n 40 Celsius. Nígbà tí mo ṣe àdúrà tí mo bá lọ tán, mo ṣe ohun tí àwọn ará Fez fúnra wọn máa ń ṣe: mo gba Ifrane lọ, ìlú kékeré kan lórí àwọn òkè Atlas, tó ga tó mítà 1,665, tí kò sì ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ sí Fez.

Tákísì ńlá tó ń kó èrò mẹ́fà ni mo wọ̀ ní gáréèjì. Kì í gbéra títí yóò fi kún, àfi bí ẹnìkan bá san owó àyè tó ṣófo. Kí n tó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, mo kọ́kọ́ béèrè iye owó àyè kan lọ́wọ́ èrò tó ń dúró, mo sì mú dírámù, owó Mòrókò, wẹ́wẹ́ dání. Nígbà tí a kọjá ìlú Imouzzer Kandar, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í di, ọkùnrin tó jókòó tì mí, tó ti ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀ bọ̀ láti Fez, sì ká páálí náà sápò.

Àwọn Faransé tó ń ṣàkóso Mòrókò nígbà náà ló tẹ Ifrane dó ní 1929, kí wọ́n lè máa rí ibi tútù sinmi láìwọkọ̀ òkun padà sílé. Òrùlé pupa tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi bo ilé wọn, kì í sì í ṣe fún ẹwà nìkan, nítorí yìnyín ń bọ́ níbẹ̀ nígbà òtútù; ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1935, òtútù ibẹ̀ dé 23.9 lábẹ́ òdo, èyí tó tutù jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó ń fọṣọ, tó ń dáná fún àwọn òyìnbó náà, òdìkejì àfonífojì ni wọ́n ń gbé. Kò ní ya ẹni tó bá mọ ìtàn Jericho ní Ìbàdàn, àdúgbò tí àwọn òyìnbó amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún ara wọn, lẹ́nu.

Gbogbo èrò ló ń tò síbi ère kìnnìún olókùúta láti ya fọ́tò. Ní tèmi, ìlà náà gùn ju ohun tí ó tọ́ sí lọ. Ẹ̀bá odò lábẹ́ òjìji igi ni mo yàn, níbi tí àwọn ìdílé ti tẹ́ ẹní, tí wọ́n ń ṣe tíì, tí ẹyẹ àkọ̀ sì ń fò lórí òrùlé. Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá tàbí Faransé lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Al Akhawayn, tí wọ́n ṣí ní 1995, torí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ tákísì mìíràn lọ sí Azrou, níbi tí igbó kédárì wà. Àwọn ọ̀bọ tí kò ní ìrù ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ de ẹni tí yóò fún wọn ní ẹ̀pà. N kò fún wọn, nítorí oúnjẹ àlejò ti ń ba ìwà wọn jẹ́. Mo kí ìrun alásárì ní Azrou, mo sì wọ ọkọ̀ ibẹ̀ tààrà padà sí Fez, torí pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tákísì kì í tètè kún mọ́.